Ibi Tí Ìwé Yóò Máa Gbé Nínú Ilé Kékeré

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ìròyìn ẹni tó bímọ, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó ṣílé, àti ẹni tó ti re ìwàlẹ̀ àṣà ni a sábà máa ń kà. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ń bá wa tọ́jú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kí ó má baà parun, èyí tí í ṣe ìwé, àti bí a ṣe lè fún un ní àyè tó lẹ́wà nínú ilé tí kò tóbi.

Gbogbo wa la mọ bí ilé gbígbé ti rí ní Airport Road. Láti Ring Road, nítòsí ààfin Ọba, títí dé pápá ọkọ̀ òfurufú, ilé pọ̀, ṣọ́ọ̀bù pọ̀, ṣùgbọ́n owó ilé kì í ṣe kékeré. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé; yàrá kan ṣoṣo nínú ilé ojú-kojú ni àwọn mìíràn ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì ń bẹ níbẹ̀, àga ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ, àpò gààrí, ìkòkò ọbẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí a bá wá bèèrè pé, "Ìwé dà?" abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọn ó ti fa páálí yọ, tàbí kí wọ́n tọ́ka sí àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyẹn kò yẹ wá, àwa tí a fi ẹnu ara wa sọ pé torí ọmọ ni a ṣe wà lájò.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌWÉ WA

Ìdílé kan ń bẹ láàrin wa tí a kò ní dárúkọ. Bàbá wọn àgbà ni ó kọ́kọ́ ti Ọ̀wọ̀ wá sí Ìbíní. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí ni bàbá náà kọ orúkọ wọn, ọjọ́ àti wákàtí tí a bí wọn, sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú Bíbélì Yorùbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n di Bíbélì náà mọ́ àwọn ìwé yòókù nínú páálí, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òjò oṣù keje wọlé lóru ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, páálí ti rọ̀, ojú ewé sì ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tútù. Yíǹkì ti ṣàn dànù.

Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin àgbà nílò ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún ọ̀ràn owó ìfẹ̀yìntì. Ó lọ sí kóòtù láti búra ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọjọ́ náà lórí ti kú tipẹ́. Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe ni ti àwọn ọmọ méjì tí wọ́n kú ní kékeré. Kò sí ibòmíràn tí a kọ orúkọ wọn sí láyé yìí. Ojú ewé yẹn nìkan ni ó jẹ́rìí pé wọ́n wá.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni ọ̀rọ̀ ibi tí à ń kó ìwé sí kàn. Kò sí ìdílé wa kan tí kò ní ìwé: Bíbélì tàbí Kùránì, ìwé orin, ìwé iléèwé ọmọ, ìwé ilẹ̀, rìsíìtì owó ilé, ìwé ìkómọ, lẹ́tà tí bàbá kọ láti ilé, àti ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ìtàn Yorùbá lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì parí kíkọ rẹ̀ ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó, ibẹ̀ ni ó sì ti sọnù. Samuel Johnson kú ní 1901, kò rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó wọn jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Nígbà tí ó tún fi í ránṣẹ́, àwọn Jámánì mú ọkọ̀ Appam tó gbé e lójú agbami ní 1916, wọ́n sì darí rẹ̀ gba Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọdún méjì kí ó tó dé ọwọ́ atẹ̀wé. Ní 1921 ni ìwé jáde. Dókítà Obadiah pàápàá ti kú ní 1920. Bí ó bá jẹ́ pé inú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn àkọsílẹ̀ yẹn wà, tí òjò sì wọlé, kí ni à bá fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn Ọ̀yọ́? Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ nígbà tí iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó ní 1862, tí àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún jóná pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn onílé wa, àwọn ará Ẹdó, mọ èyí ṣáájú wa. Idẹ ni wọ́n fi kọ ìtàn tiwọn. Nínú ìwé tí Olfert Dapper ará Holland tẹ̀ ní 1668, a kà á pé àwọn òpó ààfin Ìbíní ni a fi idẹ bò, tí a ya àwòrán ogun àti ìṣẹ́gun sí lára. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó wọn lọ ní 1897. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí ilé kan bá kà sí, ara ògiri níbi tí àlejò yóò ti rí i ni wọ́n ń gbé e sí. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

ÀWỌN Ọ̀TÁ ÌWÉ NÍ ÌLÚ YÌÍ

Kí a tó pe káfíńtà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń bá jà.

Èkíní ni omi. Ìlú òjò ni Ìbíní. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 2,000 mílímítà. Òjò tí ó wọlé kọ́ nìkan ni ọ̀tá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí ìwé bu, kí ó hu nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun, kí ó sì máa rùn. Ẹni tí ó bá di ìwé pinpin sínú ọ̀rá rò pé òun dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ṣe ni ó ti ọ̀rinrin mọ́ inú pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé fẹ́ atẹ́gùn.

Èkejì ni ikán. Láti inú ilẹ̀ ni ikán ti ń bọ̀. Kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ó ń fi erùpẹ̀ mọ ọ̀nà tóóró gun ògiri, títí yóò fi dé ẹ̀yìn ìwé. Ó lè jẹ inú ìwé tán kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ máa wo ògiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀nà erùpẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tètè wó o, kí ẹ sì wá orísun rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀kẹta ni aáyán, èkúté, àti kòkòrò kékeré kan tí ara rẹ̀ ń dán bí fàdákà, tí í sáré nígbà tí a bá ṣí ìwé. Gọ́ọ̀mù ìwé àti èérún oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ẹ má jẹ́ kí a máa jẹ búrẹ́dì nídìí ìwé.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí. Ọ̀pọ̀ wa ní í ju káńfọ̀ funfun roboto sáàrin ìwé àti aṣọ. Nínú ilé tí ọmọ tuntun wà, ẹ má ṣe é. Àwọn ọmọ kan wà, wọn kò sì ṣọ̀wọ́n láàrin wa, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba òórùn rẹ̀. Ojú wọn a pọ́n bí atalẹ̀ pupa, ibà pọ́njú a mú wọn gidigidi, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́ tàbí kí ó pa ọmọ. Ewé dóńgóyárò tí a sá gbẹ dáadáa, tí a di sínú aṣọ pélébé, ni ọ̀pọ̀ àgbà ń lò dípò rẹ̀. Ìmọ́tótó sì ju méjèèjì lọ.

ÒFIN ILÉ ẸRÙ

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ti akọ̀wé rélùwéè, ìwé àti ẹrù ni à ń tò láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Ìbíní, ṣùgbọ́n òfin ilé ẹrù lè dé yàrá yín. Òfin náà jẹ́ mẹ́rin. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ fara ti ògiri. Ẹ fi àyè íǹṣì méjì sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá. Èyí tó wúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí èyí tó fúyẹ́ wà lókè. Kí orúkọ ohun tó wà nínú àpótí sì hàn níta, kí a má baà tú gbogbo rẹ̀ nítorí rìsíìtì kan.

ỌNÀ TÍ Ó LẸ́WÀ

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni pẹpẹ ìwé tí a fi pín yàrá sí méjì. Ẹni tí ó ń gbé yàrá kan mọ ìtìjú kí àlejò wọlé kí ó bá bẹ́ẹ̀dì pàdé. Dípò aṣọ ìkélé lásán, ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan pẹpẹ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, tó fẹ̀ sínú ní íǹṣì mẹ́sàn-án, tí kò ní pákó lẹ́yìn. Atẹ́gùn yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yóò dé apá kejì, ikán kò sì ní rí òkùnkùn fara pamọ́ sí. Ìhà pálọ̀ ni kí ẹ̀yìn ìwé kọjú sí. Ní ìhà bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi àdìrẹ tàbí aṣọ òkè àtijọ́ tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ ta á. Àlejò yóò rí ìwé, kò ní rí bẹ́ẹ̀dì. Ìpele méjì ìsàlẹ̀ ni ti àwọn ọmọ, kí ọwọ́ wọn lè tó ìwé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi irin dè é mọ́ ògiri lápá kan, nítorí ọmọ kékeré yóò gùn ún, bí ó bá sì wó lulẹ̀, kì í ṣe ìwé nìkan ni yóò bàjẹ́.

Èkejì ni pẹpẹ orí ilẹ̀kùn. Ẹ wo òkè ilẹ̀kùn yín àti òkè fèrèsé: àyè tí kò sí ẹni tó ń lò ó ni. Pákó kan tí ó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́sàn-án, tí a gbé lé irin, lè yí yàrá po láti igun kan dé èkejì. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀kùn, yóò dà bí ẹni pé ìgbà tí wọ́n kọ́lé ni wọ́n ti fi síbẹ̀. Àwọn ìwé tí a kì í kà lójoojúmọ́ ni kí ó máa gbé ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo àjà o. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n omi níbẹ̀, páànù ń jò nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí onílé tún un ṣe ná.

Ẹ̀kẹta ni bẹ́ǹṣì onídèérí. Àwọn ọmọ yóò jókòó lé e ṣe iṣẹ́ iléèwé, wọn ó sì ṣí ìdérí kó ìwé wọn sínú rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe tán. Ẹ ní kí káfíńtà lu ihò mélòó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún atẹ́gùn.

Ẹ̀kẹrin ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí a fi ń kó àwo àlejò. Ẹ fún ìwé ní ìpele kan níbẹ̀. Àwo tí à ń lò ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò yẹ kí ó ní ilé tó dára ju Bíbélì lọ.

Àwọn ìwé pàtàkì, ìyẹn ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àti ìwé ọjọ́ ìbí, àpótí páànù ni tiwọn. Ẹ má fi ojú àtijọ́ wò ó. Ní 2012, nígbà tí àwọn jàǹdùkú gba Timbuktu ní ilẹ̀ Mali, irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ fi kó àìmọye ìwé àfọwọ́kọ àwọn baba wọn lọ sí Bamako ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n má baà jó wọn. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó dára, ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ tẹ́ aṣọ lé e, ó di tábìlì kékeré. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ yóò ti tètè tó o bí iná bá ṣẹ́, kí ó sì jìnnà sí sítóòfù, àbẹ́là àti epo jẹnẹrétọ̀.

PÁKÓ ÀTI Ẹ̀ṢỌ́

Ní ti pákó, orí wá dára: igbó Ìbíní kò jìnnà. Ìrókò àti apá ni ikán kì í tètè mú. Arẹ̀rẹ̀, tí àwọn ará Ẹdó ń pè ní obeche, fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni fún ikán. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ìrókò lè fi ìrókò ṣe ẹsẹ̀, kí ó fi arẹ̀rẹ̀ tí a kùn dáadáa ṣe ìpele. Ẹlòmíràn a gbé ẹsẹ̀ pẹpẹ sínú agolo tí ó ní ògbólógbòó epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Ìyẹn náà dára, bí kò bá ti sí ọmọ tí ń rákò nílé.

Ẹ má jẹ́ kí pákó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láàrin òpó méjì. Ìwé tí a tò kún ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo lè wúwo tó kílò 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí pákó bá gùn jù, yóò tẹ̀ ní àárín bí ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó.

Ní ti ẹ̀ṣọ́, ẹ to ìwé ní ìdúró, kí ó má dẹ̀ jù, kí ó má há jù. Ẹ fi aṣọ tàbí bébà kan náà bo àwọn ìwé iléèwé tó ti gbó, kí wọ́n lè jọra. Dípò òkúta, ẹ lọ sí Igun Street lọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ, kí ẹ ra orí idẹ kékeré méjì láti fi gbá ìwé dúró ní ìkángun méjèèjì. Ẹ ó ti fi bọ̀wọ̀ fún ìlú tó gbà wá, ilé yín yóò sì dán.

OHUN TÍ A Ó TÒ SÓRÍ RẸ̀

Pẹpẹ láìsí ìwé igi lásán ni. Àwọn ọmọ wa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé, wọ́n ń sọ Ẹdó àti pìjín ní àdúgbò, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá kò bá sí lára ògiri ilé, níbo ni wọn ó ti rí i? Ẹ wá Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ fún wọn. Ẹ wá Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ó ti wà láti 1938. Ẹ fi ìwé ìtàn Ìbíní tí Olóyè Jacob Egharevba kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Johnson. Ọmọ Ẹdó ni Egharevba, Ìdànrè ní ilẹ̀ Yorùbá sì ni wọ́n bí i sí ní 1893. Bí àwa ṣe wà lọ́dọ̀ wọn lónìí ni àwọn òbí tirẹ̀ ṣe wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà.

Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ẹ kó gbogbo ìwé jáde, ẹ ṣí wọn sí abẹ́ ibòòji, kì í ṣe inú oòrùn, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn. Ẹ nu pẹpẹ. Ẹ yọ píìnì tó ti dípẹtà. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ewé tó ya. Yóò di pupa, yóò sì ba ìwé jẹ́. Kí àwọn ọmọ bá yín ṣe é, kí ẹ sì máa ka orúkọ tó wà nínú Bíbélì sí wọn létí bí ẹ ti ń nù ún.

Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi fóònù ya ojú ewé tí orúkọ àwọn ọmọ wà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan ní ilé. Ẹ tún da orúkọ náà kọ sínú ìwé mìíràn, kí ó wà ní ilé mìíràn. Àkọsílẹ̀ tí ó wà níbi méjì ni ó gba ìtàn Johnson là.

Ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí náà ní orúkọ nínú: ọmọ tí a kó jáde, ìyàwó tí a gbé, àgbà tí a sin. Ẹ má fi pọ́n àkàrà. Ẹ lu ihò sí i, ẹ fi okùn so ó mọ́ ti oṣù tó kọjá, ẹ gbé e sórí pẹpẹ. Àjò kò dùn kí onílé má relé, bí ọjọ́ àtirelé bá sì dé, àwọn ọmọ wa yóò lè fi ìwé han àwọn ẹbí pé, "Ẹ wò ó, orúkọ wa nìyí, ọjọ́ tí a bí wa nìyí, ọmọ yín ni wá."

Ìdílé tó bá ti kan pẹpẹ tirẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún wa ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí àwọn yòókù lè wá wò ó, kí wọ́n sì kọ́ ọgbọ́n. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òjò wọlé bá wa.